ÌDÁNRAWÒ TÍ Ó NÍ ÈTE: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ BỌ́Ọ̀LÙ ALÁPẸ̀RẸ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìwà àti ìwé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó kan eré orí pápá. Nítorí náà ni a ṣe bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a jọ gbé ọ̀ràn àwọn ọmọdé tí ń kọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yẹ̀ wò. Kò ní pẹ́ mọ́ tí a óò tú ká lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, nínú wa ni a ó sì ti yan ẹni tí yóò di fèrè mú ní etí pápá. Bí ẹni náà kò bá mọ̀ ju kí ó sọ bọ́ọ̀lù sí àárín àwọn ọmọ, kí òun sì lọ jókòó sábẹ́ igi, ibi tí yóò pa wọ́n lára kò kéré. Nítorí ọmọ tí a kò kọ́ a máa rò pé òun kò ní ẹ̀bùn.

Eré yìí kì í ṣe àjèjì sí irú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, nítorí inú irú rẹ̀ ni a ti dá a sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, fi ń tọ́ àwọn olùkọ́. Òtútù kò jẹ́ kí a lè ṣeré níta, ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 18 tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó kan apẹ̀rẹ̀ méjì tí a fi ń kó èso píìṣì mọ́ etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ó sì kọ òfin 13 fún wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni gíga apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà títí di òní. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, inú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a kọ́kọ́ ti tẹ òfin náà jáde.

Ohun ìyanu ni pé ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀ kò gbà pé ó jẹ́ ohun tí a lè kọ́ni. Lójú tirẹ̀, gbígbá lásán ni a ń gbá a. Ní Yunifásítì Kansas, láti 1898 sí 1907, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nígbà 55, a sì borí wọn nígbà 60. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Forrest Allen, kò fara mọ́ èrò yìí. Ó sọ ìkọ́ni di iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ ní yunifásítì kan náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1952. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi hàn pé ohun tí ọ̀gá rò pé kò ṣeé kọ́, ó ṣeé kọ́.

Kí ni a wá ń pè ní ìdánrawò tí ó ní ète? Ẹ má jẹ́ kí a fi òógùn ṣe ẹ̀rí ẹ̀kọ́. Ọmọ lè sáré yí pápá ká títí èémí rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ó má sì mọ̀ ju bí ó ti mọ̀ lánàá lọ. Òmíràn lè ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ nígbà 100 bí ó ti wù ú. Bí ọ̀nà náà bá wọ́, wíwọ́ náà ni yóò mọ́ ọn lára, nítorí ọwọ́ kì í yan ohun tí ó tọ́. Ohun tí a bá ń ṣe léraléra ni ó ń kọ́. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ eré di ẹ̀kọ́.

Èkínní ni ohun kan pàtó tí a lè dárúkọ. Kí olùkọ́ má ṣe wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a gbá bọ́ọ̀lù lónìí.” Kí ó wí pé, “Lónìí, a óò kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀ láìwò ó.” Bí ó bá jẹ́ jíjù sí apẹ̀rẹ̀ ni, kí ọmọ kọ́kọ́ dúró nítòsí, kí ó tẹ orúnkún díẹ̀, kí ìgúnpá rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù, kí ọrùn ọwọ́ sì tẹ̀ síwájú bí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́. Ìgbà tí èyí bá dán mọ́rán ni kí ó tó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Èkejì ni ojú olùkọ́. Àṣìṣe tí a bá tọ́ sọ́nà lójú ẹsẹ̀ kì í ta gbòǹgbò. Ẹ kíyè sí bí ọmọ ti ń balẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá fò: ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ó fi balẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí wọn má sì wọ́ sínú sí ara wọn. Àìkọ́ èyí wà lára ohun tí ń fa ìfarapa orúnkún, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin.

Ẹ̀kẹta ni àìdáwọ́dúró. Ààbọ̀ wákàtí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí méjì gbáko ní ọjọ́ Sátidé lọ. Bí a kò ti í fi ọjọ́ kan kọ́ ọmọ ní ìwé ABD tán, bẹ́ẹ̀ ni ara kò lè gba ọgbọ́n eré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oorun àti ìsinmi a máa jẹ́ kí ohun tí a kọ́ lánàá jókòó, kí ti òní lè gun orí rẹ̀.

Ẹ wo John Wooden, ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì UCLA. Láàrin 1964 àti 1975, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì nígbà mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ni bí a ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Nítorí ìbọ̀sẹ̀ tí ó bá wúnjọ nínú bàtà a máa bó ènìyàn lẹ́sẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò sì lè kẹ́kọ̀ọ́. A máa kọ ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Nígbà tí onímọ̀ méjì, Gallimore àti Tharp, ṣọ́ ọ ní ọdún tí ó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ka ohun 2,326 tí ó ṣe tàbí tí ó sọ, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn jẹ́ ẹ̀kọ́ gan-an: ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, àti bí a ti ń ṣe é. Ìyìn àti ìbáwí kò pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ọmọ Yorùbá ni Hakeem Ọlájùwọ́n, Èkó ni a sì bí i sí ní 1963. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni òun náà lọ, ti àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Iṣẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 14 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé Yunifásítì Houston ní 1980, odindi ọdún kan ni kò fi bá wọn gbá ìdíje; ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́. Ní ìgbà ìsinmi, a máa lọ figagbága pẹ̀lú Moses Malone, ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtarìgì ìgbà náà. Ìyára ẹsẹ̀ tí ó kọ́ nínú eré àtijọ́ ni ó sọ di ọgbọ́n ìyírapadà tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ní 1994 àti 1995, ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife-ẹ̀yẹ NBA. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó sì fi ọwọ́ dá padà lójú ọ̀nà apẹ̀rẹ̀, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá nínú ìdíje náà. Ní 2009, Kobe Bryant, tí ó ti gba ife kan náà nígbà mẹ́rin, tọ̀ ọ́ lọ láti kọ́ ọgbọ́n ẹsẹ̀. Ọ̀gá tún di akẹ́kọ̀ọ́.

Síbẹ̀, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Egungun ọmọdé ṣì ń dàgbà, a kò sì gbọdọ̀ di ẹrù àgbà lé e. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbani níyànjú pé kí ọmọ sinmi eré rẹ̀ fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí a má sì tètè há a mọ́ inú eré kan ṣoṣo. Ní 2018, NBA àti USA Basketball là á sílẹ̀ pé kí apẹ̀rẹ̀ ọmọ ọdún 7 sí 8 ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ti ọmọ ọdún 9 sí 11 ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ọmọ tí ó ń fi gbogbo ara ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ tí ó ga jù ú lọ, ọ̀nà òdì ni ó ń kọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nínú àwọn ọmọ tí a óò kọ́, ó lè má sí ẹnìkan tí yóò dé Houston. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn ní oṣù kìíní, tí ó sì ń gbọ́ràn ní oṣù kẹta, ti mọ ohun kan tí yóò bá a dé inú ìwé ìṣirò àti ẹnu iṣẹ́: pé ohun tí kò ṣeé ṣe fún òun lánàá lè di ṣíṣe bí òun bá ní sùúrù, tí olùkọ́ sì fi ọ̀nà hàn án. A kì í wọ kíláàsì láìní ìwé ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa mú un lọ sí orí pápá pẹ̀lú.