Eré Ọkọ̀ Nínú Ìlú Ìbàdàn: Kí Ni Ìkánjú Ń Fi Kún Àkókò Wa?

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ òwúrọ̀ ọjọ́ kan wò. Aago 7 ti lù. Ìyá kan gbé ọmọ wọ takisí Micra ní Bódìjà, Challenge ni ó ń lọ. Kò tí ì jókòó tán tí ó fi sọ fún awakọ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré díẹ̀, mo ti pẹ́."

Ta ni nínú wa tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí? Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀nà ìlú wa ti rí. Lẹ́bàá ọjà Bódìjà, ọkọ̀ akẹ́rù àti alájàpá ń dí ara wọn lọ́nà. Ní Agbówó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń sọdá. Ní Dùgbẹ̀, nítòsí Ilé Kòkó, ọkọ̀ a máa tò bí èèrùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó wò. Bí ọkọ̀ bá lo ìṣẹ́jú 40 láti rin kìlómítà 10, ìpíndọ́gba eré rẹ̀ kò ju kìlómítà 15 ní wákàtí kan lọ, bí awakọ̀ tilẹ̀ sá 80 níbi tí ọ̀nà gbé ṣí. Ìdúró ni ó jẹ àkókò náà. Bí ọ̀nà bá ṣí fún kìlómítà kan, ẹni tí ó ń sá 50 yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 72. Ẹni tí ó ń sá 80 yóò lo 45. Èrè ìkánjú náà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 27 lọ, àwọn méjèèjì yóò sì tún pàdé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ó wà níwájú.

Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò kéré. Kí bíréèkì tó dá ọkọ̀ tí ó ń sá 80 dúró, yóò ti jẹ ju ìlọ́po méjì ilẹ̀ tí ọkọ̀ tí ó ń sá 50 yóò jẹ lọ. Ilẹ̀ tí ó lé yìí ni ọmọ tí ó já sójú títì lójijì lè dúró sí. Abájọ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, fi ní kí ọkọ̀ má ṣe kọjá 50 láàárín ìlú.

Kí wá ni ṣíṣe? Ilé ni a ti ń wá àkókò. Ẹ lọ aṣọ ilé-ìwé ní alẹ́, ẹ to ìwé ọmọ sínú àpò, ẹ sì fi ìṣẹ́jú 15 ṣáájú àkókò kúrò nílé. Kí eré àsápajúdé tó lè fún wa ní ìṣẹ́jú 15 náà, ọ̀nà tí ó ṣí gbọdọ̀ gùn ju kìlómítà 33 lọ. Níbo ni a ó ti rí i láàárín Bódìjà sí Challenge? Ẹ má ṣe gbé ọmọ sí ẹsẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni kí ó jókòó sí.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá wọ takisí lọ́la, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní ẹnu ìyá ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o, ọmọ wà nínú ọkọ̀."