Owó Gbà-má-bínú Kì Í Ṣe Sàárà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí wúwo lọ́kàn mi, nítorí pé èmi pàápàá ní ìpín nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá tí ó kọjá, obìnrin kan nínú ìjọ wa gbé àgbọn lọ tà ní etí òkun, ní ìhà Gbẹ̀rẹ̀fú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sà wà lẹ́yìn, òkun wà níwájú, iyanrìn àti igi àgbọn ni ó wà láàárín. Síbẹ̀, ní ọjọ́ ọdún, ọ̀kadà a máa sáré lórí iyanrìn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò lórùlé, tí a ń gùn bí ẹni gun alùpùpù, tí àwọn kan ń fi háyà fún àwọn tí ó wá ṣe fàájì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gùn ún rí gba ọ̀kan, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó sì lọ kọ lu obìnrin yìí níbi tí ó jókòó sí nídìí ọjà rẹ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà gbé ₦40,000 wá, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ìwé náà sọ pé obìnrin náà ti gba owó, inú rẹ̀ ti dùn, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́ pẹ̀lú wọn, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe ní kóòtù. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gbé owó àti ìwé náà wá bá mi ní mọ́ṣáláṣí, kí n wá ṣe àdúà sí i, kí obìnrin náà sì tẹ ìka lójú mi. Àgbà kan nínú wọn ní, "Àlùfáà, kádàrá ni. Ẹ jẹ́ kí a gbà fún Ọlọ́run."

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí ẹnu tèmi gan-an ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọkọ̀ akóyanrìn kan yà kúrò lójú títì, ó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú ìletò, ó sì pa apẹja kan. Irú ìwé báyìí ni wọ́n gbé wá. Èmi ni mo sọ fún opó náà pé, "Gbà fún Ọlọ́run." Ó gbà, ó sì tẹ ìka. Owó náà tán kí a tó ṣe àdúà ọjọ́ ogójì. Méjì nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kúrò ní ilé ìwé. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí àgbà nínú wọn tí ó ń ta omi lójú títì, orí mi a máa wálẹ̀.

Nítorí náà, mo sọ fún àwọn ẹbí náà pé, "Ẹ káwé yín. A kò ní tẹ ìka kankan lónìí."

Òtítọ́ ni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ẹnìkan bá ra ọjà àwìn lọ́wọ́ yín tí ó sì kọ̀ láti san án, ǹjẹ́ ẹ máa ń sọ pé kádàrá ni? Ẹ kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Kádàrá kò pa gbèsè rẹ́.

Ẹ wo Suratu Nisai, aya kejìléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Síbẹ̀, yàtọ̀ sí ètùtù tí apànìyàn náà yóò ṣe fún Ọlọ́run, a tún pàṣẹ pé kí a san díyà fún àwọn ará ilé òkú. Àfi bí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda rẹ̀ ni ó tó di sàárà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí a ṣẹ̀ ni a fún ní agbára láti dárí jì. Àlùfáà kò lè bá wọn dárí jì, olórí ẹbí kò sì lè fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún wo Suratul Anbiyai, níbi tí a gbé sọ ìtàn Ànábì Dáúdà àti ọmọ rẹ̀, Sulaimana. Àgùntàn àwọn ènìyàn kan wọ oko ẹlòmíràn lóru, wọ́n sì ba oko náà jẹ́. Àwọn onítumọ̀ sọ fún wa pé Dáúdà fẹ́ gba àgùntàn náà fún olóko. Sulaimana ní kí olóko máa jẹ àǹfààní wàrà àti irun àgùntàn náà, kí àwọn ẹlẹ́ran sì tún oko ṣe títí yóò fi padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí òṣùwọ̀n owó yìí: kí a dá ẹni tí a ṣẹ̀ padà sí ipò tí ó wà, níwọ̀n bí owó bá ti lè ṣe é mọ.

Mo rò pé orúkọ tí a ń pe owó náà ni ó ń tàn wá. A ń pè é ní gbà-má-bínú, bí ẹni pé inú ni a fẹ́ fi tù. Kì í ṣe ìbínú obìnrin yìí ni ó ṣẹ́, itan rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí òfin ilẹ̀ wa wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọkọ̀ kò bá ti gbá ènìyàn lójú títì, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí àìbìkítà rẹ̀ bá pa ẹlòmíràn lára jẹ ẹ́ ní ẹ̀tọ́, ìbáà jẹ́ lórí ọ̀dà, lórí iyanrìn, tàbí nínú oko àgbọn. Ẹni tí ó gun ọkọ̀ náà wà nínú ẹ̀bi. Ẹni tí ó fi háyà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn, tí kò kọ́ ọ, tí kò sì pààlà ibi tí yóò gbà, lè pín nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kóòtù lè mú ọ̀gá náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fara pa bá ní ìpín nínú àìbìkítà náà, kóòtù lè dín owó rẹ̀ kù.

Ibi tí iyanrìn ti yàtọ̀ sí títì ni ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì. Òfin inṣọ́ránsì ọkọ̀, tí ó fi ipá mú gbogbo ọlọ́kọ̀ láti ní ìwé nítorí ẹni tí ọkọ̀ wọn bá ṣe léṣe, ọkọ̀ tí a ń lò ní ojú ọ̀nà ni ó dá lé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, owó ìwé yìí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000. Bí ọkọ̀ bá gbá yín lójú títì, ẹ bèèrè ìwé yìí, kí ẹ sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ etí òkun ni, ilé iṣẹ́ náà lè jiyàn pé ibẹ̀ kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ẹ má ṣe tìtorí èyí padà sílé. Ẹni tí ó ṣe aburú náà àti ẹni tí ó ni ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí a ó mú.

Ẹ̀yin ará Sẹ̀mẹ̀, bí ọkọ̀ náà bá ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò wá, ẹ bèèrè káàdì aláwọ̀ igi ti ECOWAS lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí ní Kútọnu ní ọdún 1982 ni ó bí i, kí ẹni tí ọkọ̀ àjèjì bá ṣe léṣe má baà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí ibodè.

Kí ni kí ènìyàn ṣe ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ka kíkọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú ewu kíákíá sí ẹ̀ṣẹ̀, àìsí owó lọ́wọ́ kì í ṣe àwáwí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ gba orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Kóòtù kì í fi ẹnu lásán gba iye tí a ná àti èrè tí a pàdánù, a ní láti fi ẹ̀rí hàn. Níbi yìí ni ọlọ́jà tí kì í kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ máa ń jìyà, bẹ́ẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti pàṣẹ kíkọ ìwé fún wa nínú Suratul Baƙara.

Ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀ láti gbé irú ẹjọ́ àìbìkítà báyìí lọ. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta pére.

Bí ẹ bá sì ní kò sówó lọ́yà, ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ Legal Aid Council sílẹ̀ láti ọdún 1976 fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, ẹjọ́ ìjàm̀bá sì wà lára ohun tí a dá a sílẹ̀ fún. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Office of the Public Defender, ó tún ní Citizens' Mediation Centre, níbi tí a ti ń làjà láìgba owó, láìdé kóòtù. Bí Mùsùlùmí bá fẹ́ràn ìlàjà, ó dára, ṣùgbọ́n ìlàjà tí a ṣe lójú ẹni tí ó mọ òfin yàtọ̀ sí èyí tí a ṣe lórí ibùsùn aláìsàn.

Ní ti obìnrin wa, lọ́yà ọ̀dọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wa bá a kọ̀wé sí àwọn ọlọ́kọ̀ náà. Lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta, wọ́n gbà láti san gbogbo owó ọsibítù àti èrè ọjà oṣù mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti wọlé. Ọ̀pá ni ó ṣì fi ń rìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwé.

Ẹ̀yin àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀ jù. Bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá síwájú yín, ẹ ṣe àdúà fún aláìsàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n lọ rí lọ́yà kí ó tó tẹ ìka. Mo ti lọ bá opó apẹja yẹn, mo tọrọ àforíjì. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí ẹjọ́ rẹ̀ tipẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.