Ọmọ ọ̀pẹ inú ọ̀rá dúdú: báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá Tenera ni?

Òjò ti ń rọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń ra ọmọ ọ̀pẹ. Láti Mowe dé Ibafo, títí lọ sí ọ̀nà Ifọ̀, ẹ ó rí wọn létí títì nínú ọ̀rá dúdú, láàárín òdòdó, ọsàn àti máńgòrò. Kò sí orúkọ lára wọn. Bẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ń tà á, ìdáhùn kan náà ni: “Tenera ni o, Bàbá. Ọdún mẹ́ta péré, ẹ ti ń ká ẹyìn.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ kò sí ohun tẹ́ ẹ lè wò lára ewé rẹ̀ tó máa jẹ́rìí sí i.

Inú ẹyìn ni ìyàtọ̀ wà. Dura lọ̀pọ̀ ọ̀pẹ tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó wa: èésan rẹ̀ nípọn, ara ẹyìn tó ń mú epo wá kò pọ̀. Pisifera kò ní èésan rárá, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ sábà máa ń jẹrà kó tó pọ́n. Tenera ni ọmọ tí àwọn méjèèjì bí: èésan rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ pọ̀. Ọdún 1941 ni àwọn onímọ̀ méjì ará Belgium, Beirnaert àti Vanderweyen, tẹ àlàyé yìí jáde láti Yangambi ní Congo. Òun náà ni wọ́n ń tẹ̀lé ní NIFOR, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí Benin lọ́dún 1939. Wọ́n máa ń fi àpò bo òdòdó Dura kí ìyẹ̀fun akọ míì má bàa dé ibẹ̀, kí wọ́n tó fi ti Pisifera sí i.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ẹnì kan á lọ sábẹ́ Tenera tó dára, á ṣa ẹyìn tó jábọ́, á gbìn ín sínú ọ̀rá. Lójú ara rẹ̀, kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí Tenera bá gba ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ Tenera ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ọmọ mẹ́rin, ẹ retí Dura kan, Tenera méjì àti Pisifera kan. Éékà kan máa ń gba ọ̀pẹ bí 60. Ìyẹn ni pé bí 15 lè jẹ́ Dura, bí 15 míì á sì kàn jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó sì máa tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó mọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ro oko, tẹ́ ẹ ti ra ajílẹ̀.

Àwọn kan ní ewé tí kò tíì là ni àmì. Rárá o. Kò sí ọmọ ọ̀pẹ tí ewé rẹ̀ ń là níbẹ̀rẹ̀. (Ti ọ̀pẹ Ifá, tó máa ń lẹ̀ mọ́ra títí dàgbà, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.) Gíga náà kò sọ nǹkan kan, ajílẹ̀ àti ìbòji lè fa ìyẹn. Lóòótọ́, lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ Malaysia kéde àbùdá tó ń pinnu èésan, yàrá àyẹ̀wò sì lè fi ewé kékeré mọ irú ọ̀pẹ. Ẹ kò ní rí ìyẹn létí títì Mowe.

Ohun tó kù ni ìbéèrè: níbo lẹ ti rí èso tẹ́ ẹ gbìn? Ẹni tó ra èso tó ti hù lọ́wọ́ NIFOR yẹ kó ní rìsíìtì. Ẹ ní kó mú un wá. Bó bá ní òun ṣà á lóko bàbá òun ni, ẹ má san owó Tenera.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìn ín ńkọ́? Nígbà tó bá so, ẹ mú ẹyìn kan tó pọ́n, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e ní ìbú. Bẹ́ ẹ bá rí àwọn òwú dúdú tín-ín-rín tó yí èésan ká bí òrùka, Tenera ni. Bí èésan bá nípọn tí òrùka yẹn kò sí, Dura ni. Ẹ má gé e, epo àti èkùrọ́ rẹ̀ ṣì ń pa owó. Èyí tí ìdì rẹ̀ bá ń jẹrà léraléra lórí igi ni kẹ́ ẹ hú, kẹ́ ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀.