Láti Kétu Lọ sí Igbó Ọ̀yọ́-Ilé fún Ọjọ́ Kan

Ẹni tó ń gbé ní Kétu, Ìkòsí tàbí Máìlì 12 kò ṣàjèjì sí aṣálẹ̀ pátápátá. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ a máa bá wa dé inú àwo oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó àlùbọ́sà àti tòmátò wá sí ọjà wa láti Sókótó àti Kánò ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ní kí a lọ wo ọgbà ẹranko inú aṣálẹ̀ fún ọjọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń rí lórí fóònù, ó di dandan kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún wọn. Èyí tó súnmọ́ irú rẹ̀ jù ní Nàìjíríà ni Chad Basin National Park, ní ìpínlẹ̀ Borno àti Yobe. Ọ̀nà rẹ̀ jìn ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, ààbò agbègbè náà kò sì jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí apá wa ká ni Old Oyo National Park, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí igbó Ọ̀yọ́-Ilé. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kì í ṣe aṣálẹ̀. Síbẹ̀, nínú oṣù Kìíní, nígbà tí koríko ti gbẹ tí oòrùn sì ń ta lórí àpáta, ẹni tó gbàgbé omi rẹ̀ sílé kò ní béèrè ìyàtọ̀ lọ́wọ́ yín. Odò Ògùn tó ń ṣàn gba inú igbó náà kọjá ni ó ń gba Abẹ́òkúta sọ̀kalẹ̀ wá bá wa ní Kòsọ́fẹ́. Àwọn ará Àgílítí tí omi náà ń lé jáde nílé nígbà òjò mọ̀ ọ́n dáadáa. Lókè lọ́hùn-ún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi yìí kan náà a fà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko fi ń wọ́ tọ ìwọ̀nba tó kù lọ. Ìdí nìyẹn tí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn fi dára jù fún ẹni tó fẹ́ rí wọn.

Wákàtí ni mo kọ́kọ́ ṣírò, kí n tó ṣírò owó. Láti Kétu dé Ìbàdàn ju 100 kìlómítà lọ. Láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn tó nǹkan bí 65. Sẹ́pẹ̀tẹ́rì, níbi tí a fẹ́ gbà wọ inú igbó, ṣì wà níwájú Ìsẹ́yìn dáadáa. Bí a bá gbéra ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí lójijì pé òun gbàgbé ṣájà, a ó dé ẹnubodè ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Nígbà náà, ìgalà, ẹfọ̀n àti kob, ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín, ti wábi ìbòòji sá sí. Òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń jẹ̀. A ó sì ní láti kúrò níbẹ̀ ní aago kan kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa lọ́nà. Ìrìn wákàtí mẹ́tàlá nítorí wákàtí méjì tó burú jù lóòjọ́: èmi kò rí ọgbọ́n nínú rẹ̀.

Mo dábàá pé kí a lọ sùn sí Ṣakí, kí á wọ igbó ní aago méje òwúrọ̀. Àǹtí wa tó ń ta tòmátò ní Máìlì 12 ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn.

“Ọjọ́ kan lẹ pè é fún mi,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ ọjà méjì lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi yìí. Ṣé tòmátò mọ̀ pé mo lọ wo ẹfọ̀n ni?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. A wá tún un tò: wọn yóò ta ọjà ìdájí Jímọ̀ tán, a ó gbéra ní aago mẹ́sàn-án, ọmọ wọn yóò sì jókòó ti ìsọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Bí a bá jáde kúrò nínú igbó ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, a ó ti wọ Kétu kí alẹ́ tó lẹ́. Owó ilé ìtura di ti gbogbo wa lápapọ̀.

Ìpèsè tó kù kò pọ̀. Ẹ pe ọ́fíìsì ọgbà náà tó wà ní Ọ̀yọ́ ṣáájú, ẹ béèrè owó ìwọlé, ẹ̀ṣọ́ igbó tí yóò tẹ̀ lé yín, àti ní pàtàkì, bí ojú ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ. Àwa ti pinnu pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Lekki Conservation Centre ni a ó lọ, kí àwọn ọ̀dọ́ gun afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 níbẹ̀. Ẹ mú omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti súwẹ́tà, nítorí òtútù ìdájí ọyẹ́ lókè ọ̀hún kì í ṣe ti Èkó. Ẹ fi àdìrẹ aláró sílé: àwọ̀ búlúù àti dúdú ni ó ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra jù.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni kò rọrùn. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ẹranko kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, ìlú tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, gbéra láti Badagry lọ síbẹ̀. Ó di oṣù Kìíní ọdún 1826 kí ó tó dé. Àríwá igbó náà ni ahoro yìí wà, Ìgbẹ̀tì ni wọ́n sì sábà ń gbà lọ. Kò sí bí a ṣe lè fi òwúrọ̀ kan ṣoṣo wo ẹranko níhà Sẹ́pẹ̀tẹ́rì, kí á sì tún dé ibẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí bàbá ní sùúrù di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wò wọ́n. “Ṣé orúnkún mi ti bá yín ṣàdéhùn ìyẹn?”

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìrìnàjò wá di méjì: gbogbo ilé yóò lọ sí Sẹ́pẹ̀tẹ́rì ní oṣù Kìíní, èmi àti bàbá nìkan yóò lọ sí Ìgbẹ̀tì ní oṣù Kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a ó sì sùn níbẹ̀ ní òru méjì kí wọ́n lè rìn díẹ̀díẹ̀. Owó ti Ìgbẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀.