Ìfẹ́ tí Ikú Kò Já: Bí Àtúnwáyé Ṣe Wọ Eré Tẹlifíṣọ̀n Táílándì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ní Táílándì, kí ẹnikẹ́ni tó jẹ, kó tó mu, àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà á ti wá jókòó, orí wọn á máa dán, aṣọ wọn á pọ́n bí ọsàn tó pọ́n lórí igi. Ọkọ àti ìyàwó á jọ di ìgbakọ kan ṣoṣo mú, wọ́n á máa fi bu ìrẹsì sínú abọ́ àwọn àlùfáà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹbí kì í kúrò lára ìgbakọ yẹn. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lókè ni yóò máa pàṣẹ nílé, ẹ̀rín á sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni ìdí tó fi jẹ́ ìgbakọ kan fún ẹni méjì. Wọ́n gbà pé àwọn tó bá jọ ṣe oore láyé yìí yóò tún pàdé ara wọn nígbà tí wọ́n bá padà wá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí eré tẹlifíṣọ̀n Táílándì ṣe dé ibi tí ọkùnrin méjì ti ń kú nítorí ìfẹ́, tí wọ́n tún ń padà wáyé láti wá parí rẹ̀, ìdí ìgbakọ yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọgọ́rùn-ún ará Táílándì, ó ju àádọ́rùn-ún lọ tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà. Chat kon ni wọ́n ń pe ayé tí a ti lò kọjá, chat na ni èyí tó ń bọ̀, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ má tètè fi wé Babátúndé àti Yétúndé tiwa o. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ni òkú ń padà sí: bàbá àgbà á gba ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé, a ó sì mọ̀ ọ́n lójú àti nímú. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí ẹbí tó ni ẹ̀mí. Kam, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ló ń pinnu ibi tí wọn yóò bí ẹni sí, ó sì ń pinnu bóyá akọ lẹni yóò jẹ́ tàbí abo. Ohun tó sún mọ́ eré wọn jù nínú ìtàn tiwa ni akúdàáyà, ẹni tó kú síbí tó lọ fẹ́yàwó sílùú òkèèrè. Àmọ́ akúdàáyà ń sá fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn tiwọn ń wá ẹni náà kiri.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe lakhon, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé máa ń jókòó wò lálẹ́, ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń bọ́ ọ. Èyí tó gba ìlú kan jù láìpẹ́ yìí ni Buppesanniwas, tí Channel 3 gbé jáde ní 2018. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé a ti jọ gbé ayé pọ̀ rí. Jàǹbá ọkọ̀ pa ọ̀dọ́bìnrin kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa nǹkan àtijọ́, ẹ̀mí rẹ̀ sì lọ bọ́ sínú ara ọmọ ìjòyè kan ní Ayutthaya, láyé ọba Narai tó wà lórí oyè láti 1656 sí 1688. Eré náà gbòde débi pé àwọn ènìyàn ń yá aṣọ àtijọ́ wọ̀ lọ sí Wat Chaiwatthanaram, tẹ́ḿpìlì ayé ọjọ́un tó wà létí odò ní Ayutthaya, láti lọ ya fọ́tò. Ọkùnrin àti obìnrin ló ń fẹ́ra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ fi yé àwọn òǹwòran ní Táílándì pé ìfẹ́ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, kò ní kó máa rojọ́ púpọ̀. Kó ṣáà ti ní wọ́n ti mọra láyé àtijọ́, ó parí.

Ọ̀nà míì ni ìfẹ́ ọkùnrin méjì gbà wọlé, Japan ló sì ti wá. Láwọn ọdún 1990, àwọn ìwé aláwòrán kan tí wọ́n ń pè ní yaoi ń wọ Táílándì: obìnrin ló ń yà á, obìnrin ló ń kà á, ọkùnrin méjì ló sì ń fẹ́ra nínú rẹ̀. Láti ara lẹ́tà tó ṣíwájú orúkọ yẹn ni àwọn ará Táílándì ti rí "wai," tí wọ́n ń pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá kan lónìí, apá kan lọ́la, àwọn òǹkàwé á sì máa dúró dè é.

Ní 2007, fíìmù Love of Siam tí Chookiat Sakveerakul darí jáde sí ilé sinimá. Ẹni tó bá wo pátákó ìpolówó rẹ̀ á rò pé ìfẹ́ àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin iléèwé lásán ni. Inú ilé sinimá ni ọ̀pọ̀ ti bá a pé ọmọkùnrin méjì ló ni ìtàn náà. Àwọn kan bínú, ọ̀pọ̀ sunkún. Nígbà tó di 2014, Love Sick bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, láti inú ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń kà sí eré wai àkọ́kọ́ ní Táílándì. SOTUS tẹ̀ lé e ní 2016. Iléèwé ni gbogbo wọn: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò dúdú, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń jẹ àwọn tuntun níyà. Kò sí òkú kankan tó jí níbẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí àtúnwáyé fi pẹ́ kó tó dé inú àwọn eré wai, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ṣáájú àwọn eré yìí, àtúnwáyé ni wọ́n fi ń bá àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin wí. Èrò tó gbilẹ̀ ni pé ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin, tàbí tó ń ṣe bí obìnrin, ẹ̀ṣẹ̀ ayé àtijọ́ ló ń jẹ: ó ti gba ìyàwó oníyàwó rí, tàbí ó ti ba obìnrin jẹ́ tó sì já a jù sílẹ̀. Ní 1986, Bunmi Methangkun, àgbà olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà kan, kọ odidi ìwé lórí bí ènìyàn ṣe ń di kathoey, orúkọ tí wọ́n ń pe irú wọn. Kam ayé àtijọ́ ló dá lẹ́bi. Àmọ́ ó fi ohun kan kún un tí mi ò tíì gbàgbé: ó ní níwọ̀n bí ayé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lò kò ṣe lóǹkà, kò sí ẹni tí kò tíì jẹ́ kathoey rí nínú ọ̀kan lára wọn, nítorí náà kí a ṣàánú wọn. Ojú àánú ló fi wò wọ́n. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣì ni wọ́n lójú rẹ̀.

Báyìí ni nǹkan rí kí eré Until We Meet Again tó jáde lórí LINE TV ní oṣù Kọkànlá 2019. New Siwaj Sawatmaneekul ló darí rẹ̀, láti inú ìwé òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ LazySheep. Òwú pupa ni orúkọ rẹ̀ lédè Thai, òwú tí àwọn ará Ṣáínà àti Japan máa ń sọ pé ó so àwọn tí a dá mọ́ra pọ̀, tí ojú kì í rí. Apá mẹ́tàdínlógún ni.

Nínú eré náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Korn àti In, fẹ́ràn ara wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn òbí wọn ò gbà. Korn gbé ìbọn sí orí ara rẹ̀, In sì ń wò ó. In mú ìbọn náà nílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ. Níbi tí eré mìíràn ìbá parí sí ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pharm wọ yunifásítì lóde òní, ó mọ ohun dídùn ilẹ̀ wọn sè, ó sì ti ń ṣàárò ẹnì kan láti kékeré láìmọ ẹni náà. Dean, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀, ti ń wá ẹnì kan kiri látọjọ́ tó ti dáyé, kò sì rántí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń sún mọ́ra ni nǹkan ayé Korn àti In ń padà sọ́kàn wọn, kò sì sí èyí tó dùn nínú rẹ̀: ìrántí ìfẹ́ àti ìrántí ìbọn jọ ń wọlé ni.

Kì bá le rárá fún òǹkọ̀wé náà láti dá ọ̀kan nínú wọn padà sáyé ní obìnrin. Ìgbàgbọ́ wọn gbà á láyè. Ìtàn ì bá rọrùn, inú ẹbí ì bá dùn, kò sì sẹ́ni tó máa fọhùn. Ó kọ̀. Ọkùnrin ni wọ́n kú, ọkùnrin ni wọ́n tún wá. Bí a bá wá fi kam wọn ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbẹ̀san kì í ṣe pé ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni ìbọn yẹn, àti àwọn bàbá tó yà wọ́n. Lójú tèmi, àwọn tó kọ eré yìí gba pàṣán lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n sì fi lu àwọn àgbà náà. Wọn ò bá ẹ̀sìn jà. Inú ẹ̀sìn náà ni wọ́n dúró sí sọ tiwọn.

Ọ̀nà ti là látìgbà náà. Ní 2023, Tee Bundit Sintanaparadee darí I Feel You Linger in the Air: ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Jom já sódò pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ ní Chiang Mai, ó sì jí sí ìlú kan náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, níbi tí Yai, ọmọ olówó, wà. Bí wọ́n ṣe ya ilé àti aṣọ ìgbà yẹn dára púpọ̀. Ní 2024, My Stand-In mú ìtàn láti Ṣáínà, ọkùnrin tó kú sì padà wá nínú ara ẹlòmíràn, ó wá pàdé ẹni tó bà á lọ́kàn jẹ́. Àwọn eré ìfẹ́ obìnrin méjì náà ti dé látìgbà tí GAP ti jáde ní 2022.

Kí n má baà purọ́ fún yín, òwò ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ òṣèré rẹ̀ ni kì í fẹ́ ọkùnrin lójú ayé. Ilé iṣẹ́ a sì máa so òṣèré méjì pọ̀ bí ẹni so ìbejì, wọ́n á jọ polówó ọṣẹ, wọ́n á jọ polówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní Táílándì gan-an ti ń ráhùn pé àwọn ò rí ara wọn nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi. Kò sì sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé eré ló ṣe òfin tó jẹ́ kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lè ṣègbéyàwó. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń jà lórí ẹ̀ kí wọ́n tó gbé Love Sick jáde.

Òfin ọ̀hún ṣáà dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2024, ilé aṣòfin àgbà Táílándì dìbò fún un, 130 sí 4. Níbi tí ìwé òfin ti kọ "ọkùnrin àti obìnrin," wọ́n yí i sí "ẹni méjì," wọ́n sì gbé ọjọ́ orí ìgbéyàwó láti 17 sí 18. Ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní 2025 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní Bangkok láàárọ̀ ọjọ́ náà ni òṣèré méjì, Apiwat Apiwatsayree àti Sappanyoo Panatkool. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí wọn, wọ́n gbé e sókè fún àwọn oníròyìn láti yà, láyé yìí níbí, láìdúró de òmíràn.