Wákàtí Mélòó ni Ilé Lè Fi Fara Da Iná? Àlàyé lórí Oríṣi Ilé Márùn-ún nínú Òfin Ìkọ́lé Amẹ́ríkà

Òfin ìkọ́lé tí ó gbilẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ International Building Code, tí àtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọdún 2000, kì í béèrè bóyá iná lè jó ilé kan tàbí kò lè jó o. Ohun tí ó ń béèrè ni iye wákàtí tí òpó, ògiri, ilẹ̀ àjà àti òrùlé ilé náà lè fi dúró nínú iná kí wọ́n tó wó lulẹ̀, tàbí kí iná tó ráyè gba ara wọn kọjá sí òdìkejì. Ìwọ̀n wákàtí yìí ni ìwé yìí ń pè ní agbára ìfaradà iná. Òun àti irú èèlò tí wọ́n fi kọ́lé ni òfin náà fi pín gbogbo ilé sí oríṣi márùn-ún.

Inú ìléru ni wọ́n ti ń wọn agbára náà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ASTM E119, wọ́n á mọ ògiri kan gẹ́lẹ́ bí wọn yóò ṣe mọ ọ́n sára ilé, wọ́n á fi dí ẹnu ìléru, wọn yóò sì máa ko iná mọ́ ọn débi pé ooru inú ìléru yóò dé 538°C láàárín ìṣẹ́jú 5, tí yóò sì di 927°C nígbà tí wákàtí kan bá pé. Ògiri náà yege níwọ̀n ìgbà tí iná kò bá là á já, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò kojú iná kò sì fi ju ìpíndọ́gba 139°C lọ gbóná sí i. Wọ́n tún máa ń fi omi rọ́bà panápaná lu irú ògiri bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá ti rà á, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò ya. Wákàtí inú ìléru ni òfin ń sọ, kì í ṣe ti aago ara ògiri: iná tí ó bá bá àga onífóòmù àti ike pàdé nínú yàrá lè le ju ti ìléru lọ, nítorí náà, kò yẹ kí ẹni tí ó ń gbé inú ilé oníwákàtí méjì rò pé òun ní wákàtí méjì láti fi kó ẹrù.

Oríṣi kìíní àti ìkejì ni àwọn ilé tí gbogbo egungun wọn jẹ́ ohun tí kì í jó, bíi kọnkéré, bíríkì àti irin. Nínú oríṣi kìíní ẹ̀ka A, òpó àti bíìmù tí ó ru ilé gbọ́dọ̀ fara da iná fún wákàtí 3, ilẹ̀ àjà fún wákàtí 2. Ní ẹ̀ka B, ti òpó náà wálẹ̀ sí wákàtí 2. Oríṣi kejì ẹ̀ka A ń béèrè wákàtí 1 péré, ẹ̀ka B kò sì béèrè nǹkan kan. Ẹ̀ka B yìí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ilé ìkẹ́rùsí onírin gbalasa máa ń jọ ohun tí iná kò lè rí gbé ṣe. Òótọ́ ni pé irin kì í jó, ṣùgbọ́n bí ooru ara rẹ̀ bá ti tó 550°C sí 600°C, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí ó rù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi kọnkéré bo irin, tàbí kí wọ́n fọ́n èèlò adènà-ooru sí i lára, tàbí kí wọ́n fi pátákó jípísọ́ọ̀mù dì í yípo. Jípísọ́ọ̀mù, tí ó funfun bí ẹfun, ní omi nínú ẹ̀dá rẹ̀ tí ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ooru kò sì lè ráyè kọjá dáadáa títí omi náà yóò fi gbẹ tán.

Oríṣi kẹta kò gba àlàyé púpọ̀: ògiri ìta tí ó ru ẹrù jẹ́ oníwákàtí 2, bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù sì ni lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lè jẹ́ igi. Oríṣi kẹrin ni ilé onígi ńláńlá. Ó lè ya ẹni tí ó dàgbà nínú ilé búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn tàbí Èkó lẹ́nu pé ìtì igi tí ó nípọn lè pẹ́ nínú iná ju irin tí kò ní ìbora lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí, torí pé ara igi náà yóò di èédú, èédú yìí ni yóò sì máa dáàbò bo inú rẹ̀. Nǹkan bí mìlímítà 38 ni iná fi ń wọnú igi bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Àtẹ̀jáde ọdún 2021 tilẹ̀ fàyè gba ilé onígi tí ó ga tó àjà 18, bí wọ́n bá fi èèlò tí kì í jó bo igi inú rẹ̀. Oríṣi karùn-ún ni ilé onípákó, tí ẹ̀ka A ní wákàtí 1, tí ẹ̀ka B kò ní rárá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé háyà tuntun ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà pa oríṣi méjì pọ̀: ìsàlẹ̀ jẹ́ kọnkéré ti oríṣi kìíní, òkè jẹ́ pákó, ilẹ̀ àjà oníwákàtí 3 sì pààlà sáàárín wọn.

Egungun ilé nìkan kò gba ẹ̀mí là. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle, ní àjà kẹjọ sí ìkẹwàá ilé Asch ní New York, òṣìṣẹ́ 146 sì kú, nítorí ilẹ̀kùn kan wà ní títì, àtẹ̀gùn irin tí ó wà lára ilé sì já. Ilé náà fúnra rẹ̀ kò wó. Ó ṣì wà ní ìdúró lónìí, wọ́n sì ń lò ó. Nítorí irú èyí ni òfin fi ní kí ògiri tí ó yí àtẹ̀gùn ká jẹ́ oníwákàtí 2 bí ó bá so àjà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa pa ara rẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá fi òkúta há irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kí ó lè wà ní ṣíṣí, tàbí òṣìṣẹ́ tí ó lu ògiri kọjá láti fa wáyà láìdí ihò náà padà, ti sọ wákàtí méjì di òfo.

Oríṣi tí ilé kan jẹ́ wà nínú ìwé ẹ̀rí ìgbélé tí ọ́fíìsì ìkọ́lé ìlú ń fún onílé. Inú ìwé kan náà ni wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa lo ilé náà fún, àti bóyá ó ní ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi nígbà iná tàbí kò ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di ilé ìjọsìn, ilé ìtọ́jú ọmọdé tàbí ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé yìí tọ ọ́fíìsì náà lọ, nítorí ìlò ilé àti oríṣi rẹ̀ ni òfin jọ fi ń pinnu bí ó ṣe lè ga tó àti bí ó ṣe lè fẹ̀ tó.