Yunifásítì ìjọba: owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ẹ ṣírò ọdún mọ́ ọn

Bí ọmọ bá ti ṣe tán nílé-ìwé girama n'Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, ìyá tó ń ta ata àti bàbá tó ń tún mọ́tò ṣe kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú yunifásítì ìjọba. Owó ló fà á. Nílé-ìwé aládàáni bíi ABUAD tí Agbẹjọ́rò Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ n'Ádó-Èkìtì, owó ọdún kan ju mílíọ̀nù kan náírà lọ dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló ń mú èrè bẹ́ẹ̀ wálé lọ́dún?

Ti ìjọba tó wà nítòsí ò sì kéré mọ́. Lọ́dún 2020 nìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà n'Ìkẹ́rẹ́ látọdún 1977 di yunifásítì, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ ìlú náà tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ rí, Bámidélé Olúmilúà, pè é. Òun ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí BOUESTI. EKSU wà n'Ádó, FUOYE wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́, FUTA sì wà l'Ákùúrẹ́.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ tìjọba ìpínlẹ̀, àwọn méjì tó kù jẹ́ tìjọba àpapọ̀. Tìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an, àwọn owó kéékèèké mìíràn ni wọ́n ń gbà, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kéré mọ́. Ti ìpínlẹ̀ ń gba owó ẹ̀kọ́ ní tiẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ń tilé lọ sí BOUESTI kò sanwó yàrá, inú ìkòkò ìyá rẹ̀ ló ti ń jẹun. Kí òbí tó sáré lọ síbi tówó rẹ̀ kéré, ó yẹ kó fi owó ilé àti owó ọkọ̀ kún un ná.

Ibi tí ìnáwó náà ti ń jáni kulẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2020, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kejìlá làwọn olùkọ́ ASUU fi yanṣẹ́ lódì. Nígbà tó tún di ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó di ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù 17 nìyẹn láàárín ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2019 fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin bá méjèèjì pàdé. Onílé tó ti gbowó ọdún kan lọ́wọ́ òbí kì í dá a padà nítorí pé olùkọ́ kò wọ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò lè ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́.

Oníṣòwò tí kò lọ́mọ nílé-ìwé pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì yunifásítì kò lè gbé ìkòkò tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé wọn, ẹ̀rọ fọtokọ́pì kì í sì í ṣiṣẹ́ fún ògiri. Ìjọba náà sì lè yí èrò padà: ní nǹkan bí ọdún 2008 ni wọ́n dá yunifásítì ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní TUNEDIK sílẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́ yìí kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2011, wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ ti Adó láti di EKSU. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò tíì lò. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí lọ́dún 2023 yọ ọmọ ẹni tówó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ bá ju ₦500,000 lọ́dún sílẹ̀, ó sì ń béèrè onídùúró. Òfin tuntun tó fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin, ọdún 2024 mú méjèèjì kúrò. Àjọ NELFUND ló ń bójú tó o. Kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, wọ́n sì ya ₦20,000 sọ́tọ̀ lóṣù fún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún, ọmọ tó wà ní ti aládàáni kò lè rí i gbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN. Bí orúkọ orí NIN bá yàtọ̀ sí ti JAMB, kí ọmọ náà lọ tún un ṣe kó tó béèrè.